Wúfà Tó Bá Ọkọ̀ Wá Àbí Òmíràn? Ìfiwéra fún Ẹni Tí Owó Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà ló ti ní wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé básì jáde) nínú kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń wà á ni kò mọ̀. Honda Accord 2008 sí 2012 tó jẹ́ EX-L (oríṣi Accord kan) ní ti ínṣì 8 lórí pẹpẹ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Acura TL 2004 sí 2008. Nínú àwọn jíìpù bíi Lexus RX, inú ẹ̀gbẹ́ búùtù ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí. Tí básì bá ti wá fúyẹ́, tàbí tó ń gbọ̀n gbàgà-gbàgà dípò kó dún, ìmọ̀ràn tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jà ni pé kí ẹ ra àpótí ínṣì 12 méjì tí wọ́n kọ 3,000 wáàtì sí lára. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ọ̀nà márùn-ún la gbé kalẹ̀ síbí fún ẹni tó fẹ́ básì gidi láìfọwọ́ kan owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. A ò kọ iye náírà, nítorí iye òní kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tó bá ti yẹ, a pín owó bí ẹni pé ₦100 lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ fi iye tiyín sí i.

| Ọ̀nà | Owó | Básì | Búùtù |
|---|---|---|---|
| 1. Tún ti ọkọ̀ ṣe | Ó kéré jù | Bíi ti ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde | Kò gba ààyè |
| 2. Wúfà tuntun nínú ihò àtijọ́ | Kékeré sí àárín | Ó lè dára, ó lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ | Kò gba ààyè |
| 3. Èyí tó ní ámpù (ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára) nínú, lábẹ́ àga | Àárín | Ó kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ | Kò gba ààyè |
| 4. Ínṣì 10 nínú àpótí tó dí pa, pẹ̀lú ámpù | Àárín, tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ | Ó jinlẹ̀, ó mọ́ | 40 × 34 × 24 cm |
| 5. Àpótí oníhò ńlá tàbí bàsúkà | Ó yàtọ̀ síra | Ariwo pọ̀, ó lè máa dún lójú kan | Tó ìdajì búùtù |

Ní tiwa, ọ̀nà 4 ló ń fúnni ní básì jù lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà 3 wà fún ẹni tí kò lè fi búùtù sílẹ̀. Ọ̀nà 1 ni kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọ̀nà 2 ló máa ń já ènìyàn kulẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dà bí ẹni pé ó rọrùn jù.

Ṣé ó ti kú ni, àbí wọn ò so ó?

Púpọ̀ nínú wúfà tí wọ́n ń pè ní òkú kò kú. Nígbà tí wọ́n yọ rédíò àtijọ́ tí wọ́n gbé Android sí i, wáyà tó máa ń jí ámpù ọkọ̀, tí àwọn rìwáyà ń pè ní remote, ni wọn ò so. Ẹ tan rédíò, kí ẹ fi mítà wo wáyà yẹn níbi tó ti wọ inú ámpù. Bí kò bá ka nǹkan bí 12 fóòtì (V), ibẹ̀ ni wàhálà wà, wáyà kan ṣoṣo sì lè jẹ́ gbogbo àtúnṣe tí ẹ nílò.

Bí wáyà bá pé, ẹ ṣí pẹpẹ, ẹ tú wáyà wúfà kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ wá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ti 1.5 fóòtì, kan ẹnu méjèèjì fírí. Bí pépà wúfà bá fò síta nígbà tí ojú + bátìrì kan ojú +, kọ́ìlì rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bó bá wọlé sínú, a jẹ́ pé òdìkejì lẹ mú. Ẹ sàmì sí ojú tó jẹ́ + gan-an. Bí kò bá mira rárá, ẹ fi mítà ka óòmù (Ω) rẹ̀. Tí mítà kò bá rí nǹkan kan kà, kọ́ìlì ti já.

Kódà bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ka óòmù yẹn. 3.2 sí 3.7 túmọ̀ sí wúfà óòmù 4, 1.6 sí 1.9 jẹ́ ti óòmù 2. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ sì yọ iye tó bá kà kúrò, torí wáyà mítà olówó pọ́ọ́kú lè fi 0.3 kún un fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Òun ló máa dá ẹjọ́ ọ̀nà 2.

Ọ̀nà 1: àtúnṣe

Fóòmù etí wúfà ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí oòrùn gíláàsì ẹ̀yìn ń lù ú lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fi ìka kàn án tó ń já bí èérún búrẹ́dì, ó ti tán nìyẹn. Pépà àti kọ́ìlì lè dára síbẹ̀, fóòmù nìkan sì ni ẹ máa pààrọ̀.

Ẹ má fi "ínṣì 8" nìkan ra fóòmù. Ẹ wọn fífẹ̀ mẹ́ta: ti férémù láti etí dé etí, ti ibi tí fóòmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gẹ̀ǹgẹ̀, àti ti pépà fúnra rẹ̀. Kí ẹ fi spírítì àti ọ̀bẹ tí kò mú fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò tán pátápátá. Gọ́ọ̀mù funfun tó ṣì máa ń rọ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ ló dára. Super glue máa ń le, fóòmù á sì fàya létí rẹ̀ láìpẹ́. Ti pépà lẹ máa kọ́kọ́ lẹ̀. Ó di ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ kí ẹ tó lẹ ti férémù, nítorí ìgbà yẹn lẹ máa to kọ́ìlì sí àárín gbùngbùn: ẹ fi ìka mẹ́rin, tó jìnnà síra wọn dọ́gba, rọra ti pépà sísàlẹ̀, kí ẹ máa fetí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń họ, ẹ sún un díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Èyí tí wọ́n bá fi ìkánjú gbé padà sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà ni kọ́ìlì rẹ̀ máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó kù kò sí lára wúfà rárá. Nígbà tí pépà bá ti atẹ́gùn síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa atẹ́gùn nínú búùtù lákòókò kan náà. Bí ihò ńláńlá bá wà lórí irin pẹpẹ yẹn, méjèèjì á pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn. Ẹ fi máàtì butyl (rọ́bà alálẹ̀mọ́) olójú fọ́ìlì, tí kò nípọn ju 2 mm lọ, bo àwọn ihò náà àti ojú irin. Máàtì tó jẹ́ mítà kan níbùú-lóròó tó fún òkè àti abẹ́ pẹpẹ Accord. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin dáadáa, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, torí ìgbà yẹn ló máa ń lẹ̀ jù. Ẹ wá fi fóòmù tín-ínrín sẹ́yìn iná bíréèkì òkè àti sí abẹ́ àwọn ìdérí ibi tí wọ́n ń so àga ọmọdé mọ́: àwọn wọ̀nyí ló ń gbọ̀n tí ènìyàn á fi rò pé wúfà ti ya. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ hybrid tí bátìrì ńlá rẹ̀ wà lẹ́yìn àga, ẹ má dí ihò tó fi ń fa atẹ́gùn láé. Bátìrì yẹn wọ́n ju gbogbo ohun tí à ń sọ níbí lọ.

Ọ̀nà 2: ìdí tí wúfà tuntun fi lè dún kéré ju ti àtijọ́ lọ

Ẹni tó ra wúfà ínṣì 8 tuntun tó ní orúkọ, tó gbé e sójú ihò àtijọ́, tó wá rí i pé básì dínkù, kì í ṣe ayédèrú ló rà dandan. Nǹkan méjì ló fa á.

Èkíní ni óòmù. Ọ̀pọ̀ ámpù tó bá ọkọ̀ wá ni wọ́n ṣe fún wúfà óòmù 2, ti Bose àti Mark Levinson (orúkọ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn ọkọ̀) tilẹ̀ lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá so óòmù 4 mọ́ ọn, ìdajì agbára nìkan ni á rí jáde. Bí ẹ bá tún so èyí tó kéré ju ohun tí wọ́n ṣe é fún, ámpù á gbóná, á sì máa kú lójú ọ̀nà. Èkejì ni ìwúwo pépà. Ti ilé-iṣẹ́ fúyẹ́, agbára kékeré sì tó láti gbé e. Ti ọjà wúwo nítorí wọ́n ṣe é fún ámpù tó ní 150 wáàtì sókè. Ẹ wo "sensitivity" (bó ṣe ń dún tó pẹ̀lú agbára kékeré) lára páálí rẹ̀: tó bá kọ 83 dB, ámpù ọkọ̀ yín kò lè jí i.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ gba ibẹ̀ lọ, óòmù gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ wá nọ́ńbà Qts (tó ń fi hàn bóyá wúfà lè ṣiṣẹ́ láìsí àpótí) nínú ìwé rẹ̀, kó jẹ́ 0.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, torí pẹpẹ kò ní àpótí, búùtù lódindi ni àpótí rẹ̀. Wúfà tí Qts rẹ̀ jẹ́ 0.4 á máa fò kọjá àlà nínú afẹ́fẹ́ gbalasa yẹn láìní básì ìsàlẹ̀. Ẹ wọn jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì ṣí búùtù kí ẹ tì í padà bí ẹ ti ń wọn ọ́n, nítorí àwọn ọ̀pá irin tó ń gbé ìdérí búùtù máa ń gba abẹ́ pẹpẹ kọjá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n sì lè gbá ìdí mágínẹ́ẹ̀tì. Wúfà tó tó kílò 3 sí 5 nílò òrùka pákó 12 mm lábẹ́, tí wọ́n fi bóòtù àti náàtì dè. Skúrù inú irin tín-ínrín yẹn á tú.

Wáàtì tó wà lára páálí

Kí a tó dé ọ̀nà 3 àti 4, ẹ jẹ́ kí a mú irọ́ kan kúrò nílẹ̀. RMS ni wáàtì tí ẹ̀rọ lè fúnni láìdáwọ́ dúró. "Max" tàbí "peak" jẹ́ nọ́ńbà tó wà fún títà. Rédíò tí wọ́n kọ 50W × 4 sí, nǹkan bí 20 wáàtì RMS ló ní fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, nítorí iná 14 fóòtì tó ń bọ̀ láti ọkọ̀ kò lè ti jù bẹ́ẹ̀ sínú óòmù 4.

Fún ámpù, fíúsì ara rẹ̀ ló ń sọ òtítọ́. Ẹ ro gbogbo fíúsì rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 13.8 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá mú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá jẹ́ class D, tàbí ìdá 55 bó bá jẹ́ class AB (oríṣi ámpù méjì nìwọ̀nyí). Ámpù "3,000 wáàtì" tó jẹ́ class AB, tó ní fíúsì 20A méjì: 40 × 13.8 × 0.55, ó ń lọ sí 300 wáàtì. Mono (ámpù olójú kan) class D tó ní fíúsì 30A kan, tí wọ́n sì kọ 300W RMS sí lára rẹ̀ láìpariwo, agbára kan náà ló ní, kì í sì í gbóná tó ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà 3 àti ọ̀nà 4, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Wúfà abẹ́ àga ní ámpù àti àpótí nínú ara rẹ̀. Pioneer TS-WX130DA kọ 160 wáàtì síta, RMS rẹ̀ jẹ́ 50. Kenwood KSC-SW11 kọ 150, RMS rẹ̀ jẹ́ 75. JBL BassPro SL2 ní ínṣì 8 àti 125 wáàtì RMS. Kicker Hideaway ti ínṣì 8 ní 150. Méjì ìkẹ́yìn yìí ló tó ohun tí à ń pè ní básì gidi nínú salúùnù. Méjì àkọ́kọ́ á mú kí orin kún, wọn kò ní mú kí àyà yín mì.

Báwo ló ṣe ń jinlẹ̀ tó? Okùn tó nípọn jù lórí gìtá básì olókùn mẹ́rin ń dún ní nǹkan bí 41 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó ti kéré tó ló ń jinlẹ̀ tó). Ẹni tó jẹ́ pé jùjú, híláìfù àti orin ìyìn ló máa ń gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Wúfà abẹ́ àga ti ínṣì 8 máa ń sún mọ́ 45 Hz kí ohùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, nítorí náà ó máa tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tó ń gbọ́ amapiano, tó fẹ́ kí log drum (ohùn básì amapiano) wọ inú egungun, ọ̀nà 4 ni tirẹ̀. Ínṣì 10 nínú àpótí tó dí pa máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ tó ti ilẹ̀kùn pa sì máa ń gbé ìsàlẹ̀ yẹn sókè padà, tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn mu.

Ní ti owó, ₦90 nínú ₦100 ọ̀nà 3 ló ń lọ sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ₦10 sórí wáyà. Ti ọ̀nà 4: ₦35 fún wúfà, ₦35 fún ámpù mono tó ní 250 sí 300 wáàtì RMS, ₦15 fún wáyà àti fíúsì, ₦15 fún pákó àti iṣẹ́ káfíńtà. Ẹni tó bá fi ₦60 ra wúfà kò ní rí owó ra ámpù gidi, wúfà olówó ńlá á wá máa jẹun ámpù aláìní.

Abẹ́ àga ní ewu tirẹ̀. Ẹ wọn ààyè nígbà tí àga bá wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ènìyàn sì jókòó sórí rẹ̀. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò níbẹ̀ jẹ́ ti air bag: ẹ má tú u, ẹ má sì fi mítà kàn án. Omi ni ọ̀tá kejì. Bí rọ́bà tó ń da omi AC síta bá dí, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú ni omi ń lọ, ámpù inú ẹ̀rọ náà á sì jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí omi. Lójú ọ̀nà Èkó nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e ka orí rọ́bà tó nípọn tó 1 cm.

Àpótí ọ̀nà 4 rèé, fún ọ̀pọ̀ wúfà ínṣì 10 tí ìwé wọn bá béèrè 0.6 sí 0.8 cubic feet. MDF (pákó tí wọ́n fi okùn igi tẹ̀ pọ̀) 18 mm ni kí ẹ lò. Ẹ gé iwájú àti ẹ̀yìn, méjì, 40 × 34 cm. Òkè àti ìsàlẹ̀, méjì, 40 × 20.4 cm, ẹ̀gbẹ́, méjì, 30.4 × 20.4 cm. Ìdá mẹ́rin pákó 4 × 8, ìyẹn 61 × 122 cm, á gbà á bí káfíńtà bá mọ ètò rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn àti òkè nínú ìlà tó fẹ̀ ní 34 cm, mẹ́ta yòókù nínú ìlà tó ṣẹ́kù. Ààyè inú á jẹ́ nǹkan bíi lítà 22.5; tí ìdí wúfà bá ti gba tirẹ̀, ó ku bíi 21, ìyẹn 0.74 cubic feet. Ẹ má gé ihò iwájú kí wúfà tó dé ọwọ́ yín, nítorí ínṣì 10 oríṣi kan kò fẹ̀ tó ti òmíràn.

Gọ́ọ̀mù igi lójú gbogbo ìsopọ̀, lẹ́yìn náà skúrù 40 mm ní gbogbo 10 cm, kí wọ́n sì fi dìrílì 3 mm lu ihò ṣáájú. Etí MDF máa ń là bí skúrù bá wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ líle. Ẹ fa sílíkọ́ọ̀nù sí gbogbo igun inú, kí ẹ sì fi àpótí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé wúfà sí i, torí òórùn kíkan tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ sílíkọ́ọ̀nù máa ń ba gọ́ọ̀mù wúfà jẹ́. Fi nǹkan bí 300 gírámù òwú ìrọ̀rí kún inú rẹ̀, kó má ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pépà. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ rọra ti pépà wọlé, kí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá padà wá jẹ́jẹ́, àpótí dí. Bó bá ta padà lójijì, atẹ́gùn ń jáde níbì kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ẹnu wáyà ti wọlé.

MDF kò fẹ́ràn omi. Ẹ fi vánìṣì kun ìta rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ sì wo rọ́bà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá kò jò. Nínú salúùnù, ẹ kọjú wúfà sí ìdí ọkọ̀. Ó sábà máa ń dún bẹ́ẹ̀ ju kó kọjú sí àga lọ. Àpótí náà pẹ̀lú wúfà tó kílò 12, nítorí náà ẹ fi bẹ́líìtì dè é mọ́ irin.

Ohun kan tó ń pa ámpù ọ̀nà 4: wúfà tó ní kọ́ìlì méjì. Bó bá jẹ́ 4 àti 4, ó lè di 2 tàbí 8. Bó bá jẹ́ 2 àti 2, ó lè di 1 tàbí 4. Ámpù tí wọ́n kọ "stable 2 ohm" sí kò gbọ́dọ̀ rí óòmù 1. Iná protect (iná ìdáàbòbò ara ámpù) á máa tàn, ámpù á máa kú nígbàkigbà tí orin bá gbóná. Ẹ mú èyí tí ámpù yín fẹ́ kí ẹ tó sanwó wúfà.

Ọ̀nà 5, ní ṣókí

Àpótí oníhò tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń pariwo ju èyí tó dí pa lọ pẹ̀lú wáàtì kan náà, òdodo ni. Èyí tó wà lọ́jà ní owó kékeré kì í ṣe irú rẹ̀. Pákó 12 mm, tó jẹ́ ìyẹ̀fun igi ni wọ́n fi kàn án, ihò rẹ̀ kúrú, kò sì bá wúfà kankan mu ní pàtó, nítorí náà ohùn kan ṣoṣo ló máa ń gbé síta: orin yòówù kí ẹ fi sí i, "gbùù" kan náà ni. Lábẹ́ ohùn tí ihò náà gùn fún, pépà kò ní atẹ́gùn tó ń dá a dúró mọ́, ó sì máa ń fò títí kọ́ìlì á fi gbá ìdí mágínẹ́ẹ̀tì. Ámpù tó bá máa gbé irú àpótí yìí gbọ́dọ̀ ní subsonic filter (ohun tó ń gé ohùn tó jinlẹ̀ jù kúrò). Bàsúkà, ìyẹn èyí tó rí róbótó bíi páìpù, dára díẹ̀ nítorí ìdérí rẹ̀ líle, ṣùgbọ́n ó ń yí nínú búùtù bí wọn kò bá dè é.

Tòkunbọ̀ ni ibi tí ọ̀nà 5 ti lè jẹ́ ọjà tó dára. Ẹ gbọ́ òórùn inú ihò rẹ̀: kọ́ìlì tó ti jó ní òórùn tó ta sánsán. Ẹ ti pépà kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń họ. Ẹ ka óòmù rẹ̀. Ẹ wo fíúsì ámpù. Bí wọ́n bá ti fi wáyà dí ojú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n lù ú fún ìṣẹ́jú 15 ní ìdájì ohùn, kí ẹ sì fọwọ́ kan ara ámpù.

Wáyà

Níbí ni owó kékeré ti ń jóná. Wáyà pupa títóbi tí wọ́n ń tà pẹ̀lú "kit" sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára. Agbára tó ń gbé kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti kọ́pà gidi lọ. Ẹ fi abẹ bó okùn kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, òun nìyẹn. Fún 250 sí 300 wáàtì, kọ́pà gidi 10 mm² láti bátìrì dé búùtù tó. Bí ti alumíníọ̀mù lẹ bá rí, ẹ mú 4 gauge (nọ́ńbà ìwọ̀n wáyà). Ọ̀nà 3 kò nílò ju 4 sí 6 mm² lọ.

Fíúsì 40A gbọ́dọ̀ wà láàárín 45 cm sí orí bátìrì, torí wáyà ni fíúsì yìí ń ṣọ́: bí irin bá gé ara wáyà láàárín ọ̀nà tí kò sí fíúsì níwájú, iná ni á sọ. Níbi tí wáyà bá ti gba irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí i. Ẹ́ẹ̀tì (wáyà − tó so ámpù mọ́ irin ọkọ̀) kò gbọ́dọ̀ gùn ju 50 cm. Kó nípọn bíi ti +, kí ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ sì fi bóòtù dè é, kì í ṣe skúrù. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wáyà iná ń gbà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wáyà RCA (tó ń gbé ohùn láti rédíò wá) ń gbà. Bí ẹ bá gbọ́ "wíì" tó ń ga bí ẹ ti ń tẹ gáàsì, ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Bí rédíò ọkọ̀ bá ṣì wà, tí kò ní ojú RCA, ẹ ra ámpù tó ní high-level input, kí ẹ sì gba ohùn láti wáyà sípíkà ẹ̀yìn. Ẹ má gbà á láti ojú wúfà àtijọ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un: ọ̀pọ̀ ámpù ilé-iṣẹ́ máa ń gé básì kù bí ẹ ti ń yí ohùn sókè, láti dáàbò bo wúfà kékeré, ẹ̀rọ tuntun yín á sì máa tẹ̀lé e.

Títò ó

Ẹ yí bass boost sí 0 kí ẹ má sì padà sí i. LPF (tó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan kọjá) ní 80 Hz. Bí Android yín bá ní HPF (tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò) fún sípíkà ilẹ̀kùn, ẹ fi ìyẹn náà sí 80. Wọ́n á bọ́ lọ́wọ́ básì tí kò sí ní ipá wọn, ohùn olórin á sì mọ́ jù.

Gain (bọ́tìnì tó ń fi ámpù bá rédíò mu) kì í ṣe bọ́tìnì ohùn. Ẹ tú wúfà kúrò lẹ́nu ámpù, ẹ fi ohùn ìdánwò 50 Hz sínú rédíò ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ fi mítà, lójú fóòtì AC (V~), ka ẹnu ámpù. Ẹ sọ wáàtì RMS di púpọ̀ pẹ̀lú óòmù, kí ẹ tẹ √ lórí kakulétọ̀: 250 wáàtì sí óòmù 4 jẹ́ 31.6 fóòtì, sí óòmù 2, 22.4, 150 wáàtì sí óòmù 4, 24.5. Ẹ yí gain títí mítà á fi dé ibẹ̀, kí ẹ sì dúró. Ámpù tí kò bá lè dé ibẹ̀ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú ti parọ́ wáàtì fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó sí àga awakọ̀, kí ẹlòmíràn máa yí bọ́tìnì phase ara ámpù láti 0 sí 180. Ẹ fi sílẹ̀ sójú èyí tí básì rẹ̀ bá kún jù níwájú. Bí ámpù kò bá ní bọ́tìnì yẹn, ẹ yí + àti − wúfà padà.

Bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú básì, ẹ má ra capacitor (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́). Ẹ nu orí bátìrì, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì láàárín bátìrì àti ara ọkọ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ orí bátìrì náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ètò yìí lè máa fa bíi 10A bí orin bá lọ sókè; bátìrì 60Ah kò ní ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó dé ibi tí sítáátì á ti ṣòro.